Ọ̀já àti Kẹ̀kẹ́ Ọmọ ní Ìlá Ọ̀ràngún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tí ó ń jẹ ìgbádùn lórí làálàá ẹlòmíràn ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n bí a bá tún òwe náà yẹ̀ wò, a ó rí i pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn òpìtàn wa kì í sábà bèèrè: bí ọmọ kò bá mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ta ni ó mọ̀ ọ́n? Ẹni tí ó pọ̀n ọ́n ni. A ti kọ ìtàn ọba, a ti kọ ìtàn ogun, a sì ti kọ ìtàn ọkọ̀ ojú irin; ṣùgbọ́n bí a ti ṣe ń gbé ọmọ láti ilé dé oko, àti láti oko dé ọjà, a kò kà á kún ìtàn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí kò ju èyí lọ: mo fẹ́ wádìí ìdí rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ ọmọ, tí ó gba ìlú Òyìnbó kan láti òpin dé òpin, kò fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún, ìlú wa, bẹ́ẹ̀ ni Ìlá kì í ṣe ìlú tí ó ń kọ ohun titun. Ẹni tí ó bá mọ ìdí yìí yóò mọ irú kẹ̀kẹ́ tí ó tọ́ láti rà fún ọmọ titun, bí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Yóò sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí a ra ọ̀kankan.

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, nítorí náà inú èdè ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ gbogbo ọ̀nà tí a fi ń gbé nǹkan. Ẹrù orí, à ń rù ú ni. Ìtí igi tí ó wúwo, à ń fà á tàbí kí a yí i. Omi odò, à ń pọn ọ́n. Ọmọ, à ń pọ̀n ọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí ohùn àwọn méjì tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn: ohùn àárín ni ti omi, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti ọmọ. Bí a bá wí pé “pọn omi” àti “pọn ọmọ”, ìyàtọ̀ ohùn náà a pòórá, a sì tún yọjú nígbà tí a bá wí pé “mo pọn ọ́n” tàbí “mo pọ̀n ọ́n”. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ mí lójú jù ni pé ọmọ nìkan ni ọ̀rọ̀ kejì yìí wà fún. Bí ọkùnrin kan bá gbé àpò ìrẹsì kọ́ ẹ̀yìn, a kò ní wí pé ó pọ̀n ọ́n, àfi bí a bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èdè wa ti ya ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù.

Ìpọnmọ kì í sì í ṣe ohun tí a ń ṣe láìkọ́. Ìyá a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, a gbé ọmọ lé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ọmọ a là sí ọ̀tún àti òsì ìbàdí rẹ̀. A fi ìró bò ó, kí ó tó wá fi ọ̀já gbá a mọ́ra. Ìró ni ó ń bo ọmọ, ọ̀já ni ó ń gbé e ró. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin fúnra wọn ni ó ń hun aṣọ òwú tí ó nípọn tí à ń pè ní kíjìpá, lórí òfì tí a gbé nàró, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe é já bọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kékeré a ti máa fi ọmọlangidi kọ́ iṣẹ́ náà kí ó tó di pé wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí a bá ń ṣàdúrà fún abiyamọ, a máa ń wí pé ọ̀já kò ní já, ọ̀já kò ní tú. Àwọn àgbà tilẹ̀ a máa dẹ́rù bà wá pé bí ọmọ obìnrin bá jábọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọkọ méje ni yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà fún: ó wà kí ọ̀dọ́mọbìnrin lè di ọ̀já náà dáadáa.

Àwọn agbẹ́gilére wa mọ iyì iṣẹ́ yìí. Ìlá ni ìlú ìdílé Fákẹ́yẹ, ibẹ̀ ni a sì bí Làmídì Fákẹ́yẹ sí, ẹni tí ó gbẹ́ ère Odùduwà fún yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ní 1987, tí ó sì kú ní 2009. Nínú iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Ìgbómìnà àti ti Èkìtì, abiyamọ tí ó kúnlẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, pọ̀ jọjọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi igi sọ pé obìnrin kan dé ipò ọlá, ọmọ ni yóò gbẹ́ sí i lẹ́yìn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú ọdún kan ṣoṣo, kí a fi wo ìlú méjì. Ní 1877, ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Ẹ̀yìn Èkìtìparapọ̀ ni Ìlá wà. Wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú kúrò ní ibùdó wọn. Ọdún 16 gbáko nìyẹn. Ní gbogbo àkókò náà, ojú ẹsẹ̀ tí ó gba inú igbó kọjá ni ọ̀nà láti ìlú kan sí èkejì. Ìyá tí ogun lé kúrò nílé ní ẹrù lórí, ó ní ọmọ tí ó ń rìn tí ó gbọ́dọ̀ fà lọ́wọ́; ẹ̀yìn nìkan ni ó kù fún ọmọ titun. Kò sí ohun tí ó ní ẹsẹ̀ rìbìtì tí ì bá lè tì gba ibẹ̀.

Ní ọdún 1877 kan náà, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Wilson dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ilé-iṣẹ́ náà ni Silver Cross, ó sì wà títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní 1733, William Kent ti ṣe ọkọ̀ kékeré kan fún àwọn ọmọ ìjòyè ńlá tí à ń pè ní Duke of Devonshire. Ẹran ni a ṣe é fún láti máa fà, ìwọ̀n ewúrẹ́ tàbí ẹṣin kékeré, ohun ìṣeré àwọn ọmọ ọlọ́lá ni. Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn ń tì láti ẹ̀yìn. Ní 1889, ará Amẹ́ríkà kan tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú, William Richardson, gba ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ tí a lè yí ibùsùn rẹ̀ padà, kí ọmọ lè kọjú sí ẹni tí ó ń tì í. Ó yẹ kí a fi ọpọlọ sí èyí. Odindi ọdún 156 lẹ́yìn ti Kent ni ẹnì kan gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí ọmọ inú kẹ̀kẹ́ yóò fi lè máa wo ojú ẹni tí ó ń gbé e lọ.

Ta ni ó ń ti kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí? Ìbéèrè yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa. Ní ilé àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ìyá ọmọ ni. Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń san owó fún ni ó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi ìgbafẹ́, lórí ọ̀nà tí a fi òkúta tẹ́ dáadáa, kí ọmọ lè gba afẹ́fẹ́ sára. Kẹ̀kẹ́ náà tóbi, ó ga, ó wúwo, ó sì ń dán. Kò sí ẹni tí ó ń rò ó pé yóò gùn ún wọ ọkọ̀ èrò, tàbí pé yóò gbé e gun àtẹ̀gùn. Ohun tí ó gba ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́ ni.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí Ìlá. Ẹnìkan lè wí pé àìlajú ni kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ọmọ dé ọ̀dọ̀ wa. Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú irin, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 àti Òṣogbo ní 1907, Ọ̀fà ni ó gbà lọ sí Ìlọrin, kò gba Ìlá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilẹ̀ dé, kẹ̀kẹ́ ológeere dé, ẹ̀rọ ìránṣọ dé, àwọn ayàwòrán sì dé. Ohun tí Ìlá fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣe, àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ní 1973, Marilyn Houlberg, ará Amẹ́ríkà, kọ àròkọ lórí ère ìbejì lẹ́yìn tí ó ti ṣe ìwádìí ní Ìlá. Ní 1978, Stephen Sprague kọ tirẹ̀ lórí àwọn ayàwòrán ìlú náà. Wọ́n rí i pé àwọn ìyá ìbejì kan ti ń lo ọmọlangidi oníke tí a ń tà lọ́jà dípò ère igi. Àwọn mìíràn ń lo fọ́tò. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwòrán wọn pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan náà, tí yóò fi dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn.

Ǹjẹ́ àwọn tí ó ṣe èyí ni a lè pè ní ẹni tí ó ń bẹ̀rù ohun titun? Wọ́n gba ike, wọ́n gba fọ́tò, nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí bá iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ mu: wọ́n ń ran ìyá lọ́wọ́ láti tọ́jú ọmọ tí kò sí mọ́ pẹ̀lú èyí tí ó kù. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò bá iṣẹ́ kankan mu. Ìdí mẹ́rin ni mo rí.

Èkíní ni ọ̀nà. Ilẹ̀ pupa tí òjò ti ya gọ̀tá sí láàárín, tí òkúta sì yọ orí jáde nínú rẹ̀, kì í gba ẹsẹ̀ rìbìtì kéékèèké. Bí kẹ̀kẹ́ bá rì, a ó gbé e. Bí a bá sì máa gbé e, kí ni ó gbé fún wa? Èkejì ni ilé. Agboolé wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ga sókè, ó ní ẹnu ọ̀nà tí ó há, ó sì ní yàrá tí ènìyàn pọ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́. Kẹ̀kẹ́ ọmọ gba ọwọ́ méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tì í, ṣùgbọ́n ọ̀já dá ọwọ́ méjèèjì padà fún ìyá. Obìnrin tí ó gbé igbá lérí lọ sí ọjà, tí yóò gún iyán nígbà tí ó bá dé, tí yóò sì gbálẹ̀, kò ní ọwọ́ tí yóò yá kẹ̀kẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ènìyàn, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Ní agboolé, ọmọ kì í gbé ẹ̀yìn ẹnì kan ṣoṣo. Ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀, lẹ́yìn ìyá àgbà ní ọ̀sán, lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ra kẹ̀kẹ́, ó sì ń gba ọmọ-ọ̀dọ̀. Agboolé ní ẹ̀yìn mẹ́fà tàbí méje tí kò san owó fún. Ní ọjà wa, à ń ti ọmọlanke. A gbọ́ “ọmọ” nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ni a ń kó sí i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wa tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fi òtítọ́ ìdí kẹrin yìí hàn. Láti nǹkan bí 1950 títí ó fi kọjá 1960, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ dára, kẹ̀kẹ́ ọmọ sì wà ní ilé ìtajà. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, òmíràn wà ní òkè téńté. Àwọn onílé kan kò fẹ́ ènìyàn dúdú, àwọn mìíràn kò fẹ́ ọmọdé. Bàbá ń kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ìyá náà ń ṣiṣẹ́, òun náà ń kàwé. Láti 1955 ni àwọn òbí kan ti ń polówó nínú ìwé ìròyìn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nursery World, pé àwọn ń wá ìdílé Òyìnbó tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó bẹ́ẹ̀ dàgbà nílé alágbàtọ́, jìnnà sí òbí wọn. Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ ni wọn kò rí rà. Ẹ̀yìn ni wọn kò ní. Ìyá àgbà wà nílé, òkun sì wà láàárín.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ìyípadà kan dé bá kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Owen Maclaren jẹ́ ẹnjiníà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ni ó ti ṣe iṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ òfurufú ogun Spitfire fi ń balẹ̀, èyí tí ó ń ká wọ inú. Nígbà tí ó rí wàhálà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ìrìnàjò, ó lo ìmọ̀ yẹn. Ní 1965, ó ṣe kẹ̀kẹ́ kan tí a lè fi ọwọ́ kan ká bí agbòòrùn. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn mẹ́fà lọ, ìyẹn ni pé kò tó kílò mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti Leeds pátápátá. A ṣe é fún ìyá tí kò ní ọmọ-ọ̀dọ̀, tí ó ń wọ ọkọ̀ èrò, tí ó sì ń gun àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Òun ni baba ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ tí à ń rí ní ìlú ńlá lónìí.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún kan náà, ẹlòmíràn gba ibi tí ẹnì kankan kò rò. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, wá ṣiṣẹ́ ní Tógò lábẹ́ ẹgbẹ́ Peace Corps tí a dá sílẹ̀ ní 1961. Ó rí bí àwọn ìyá ibẹ̀ ti ń fi aṣọ pọn ọmọ, ó sì rí i pé ara àwọn ọmọ náà balẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀ tí òun náà bímọ, ó gbìyànjú láti fi aṣọ pọ̀n ọ́n, ọmọ sì ń yọ̀ bọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìpọnmọ láti kékeré. Ó bẹ ìyá rẹ̀ kí ó bá òun rán àpò tí a lè fi okùn kọ́ èjìká. Ní 1969 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, ó pè é ní Snugli, ó sì tà káàkiri Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ìyá kan ní Tógò fi aṣọ ọ̀pá méjì ṣe ṣe di ọjà tí a ń kó sínú páálí. Lónìí, irú àpò bẹ́ẹ̀ ti dé ilé ìtajà ní Èkó, àwọn mìíràn nínú wa sì ń rà á ní owó tí ó lè ra ọ̀já mẹ́wàá, nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti di ọ̀já.

Àwọn oníṣègùn náà ti padà wá sọ́dọ̀ aṣọ. Ní 1978, ní ìlú Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edgar Rey rí i pé ẹ̀rọ tí a fi ń mú ara ọmọ tí kò tó ọjọ́ gbóná kò tó. Ó ní kí wọ́n máa gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lé àyà ìyá wọn, kí ara kan ara, kí a sì fi aṣọ gbá wọn mọ́ ọn. Nígbà tí ó di 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé èsì ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ilé-Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà. Ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò 1.8 ni wọ́n wò. Nínú 100 tí a tètè gbé lé àyà ìyá lẹ́yìn ìbí wọn, nǹkan bí 12 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú 100 tí a kọ́kọ́ fi sí ìtọ́jú bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 16 ni. Àyà ni wọ́n sọ, kì í ṣe ẹ̀yìn, ọmọ tí kò lágbára ni ó sì wà fún. Síbẹ̀, ó tó láti pa ẹnu ẹni tí ó bá ń wí pé ohun tí ìyá ń fi ara rẹ̀ ṣe, ìgbà tí owó kò bá sí ni ó wà fún.

Àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi ọ̀já ṣe òrìṣà. Ẹ̀yìn ń dun obìnrin. Àwa ọkùnrin ni ó sábà máa ń yin ìpọnmọ jù, bẹ́ẹ̀ ni a kì í pọ̀n. Ìyá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ìyá tí ó bí ìbejì, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, gbogbo wọn ni kẹ̀kẹ́ lè gbà lọ́wọ́ wàhálà. Ilé pẹ̀lú ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n tí ì bá gba ọmọ pọ̀n wà ní ilé-ìwé, ìyá àgbà wà lẹ́nu ọjà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tọkọtaya sì ń gbé yàrá méjì ní ìlú tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa pọn ọmọ bí àwọn ìyá wa ti ṣe, tí kò sì fún un ní agboolé tí wọ́n ní, àbọ̀ ìtàn ni ó mọ̀.

Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn gidi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Ìlá, lóyún àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi owó ránṣẹ́ pé kí a ra kẹ̀kẹ́ ọmọ tí ó dára. Ìyá wa kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ta ni yóò gbé e sọdá gọ̀tá. Bàbá wa ní kí èmi tí mo wà ní yunifásítì wádìí rẹ̀ wá. Mo bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fúnra rẹ̀, ẹni tí a kò tíì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀kadà ni òun ń gùn lọ sí ilé-ìwé, kẹ̀kẹ́ ọmọ kò sì lè gun ọ̀kadà. Pé òun kò fẹ́ gbé ọmọ titun gun ọ̀kadà náà pẹ̀lú. Pé ohun tí òun fẹ́ ni ẹni tí yóò wà pẹ̀lú ọmọ nílé. Ìyá wa nìkan ni ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìsọ̀ lọ́jà. Nígbà náà ni a wá ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí a ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. A fi díẹ̀ nínú owó kẹ̀kẹ́ ra ọ̀já méjì tí ó lágbára, a sì fi ìyókù dí àlàfo èrè tí ìyá wa pàdánù fún oṣù tí wọ́n fi ti ìsọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ bínú pé òun kò fi owó ránṣẹ́ kí a fi san owó fún ìyá òun. Lẹ́yìn náà ó wí pé òótọ́ ni, pé owó tí òun àti ìyàwó òun ń san fún olùtọ́jú ọmọ níbẹ̀ lóṣooṣù ju ti kẹ̀kẹ́ lọ fíìfíì.

Láti inú ìtàn tí mo ti sọ yìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ọmọ lè rí ìlànà díẹ̀ mú lò. Kí ó kọ́kọ́ rin ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ náà yóò gbà, láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ibi tí ó ń lọ, kí ó sì ka iye àtẹ̀gùn àti gọ̀tá tí ó wà níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá dára tí ó sì tẹ́jú, èyí tí ó fúyẹ́ tí ó sì ṣe é ká ni ó dára. Bí ọ̀nà bá rí bákanṣá, ẹsẹ̀ ńlá ni ó lè gbà á, ẹsẹ̀ ńlá sì wúwo. Ọmọ titun kò lè jókòó, nítorí náà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò lè dùbúlẹ̀ gbalaja nínú rẹ̀. Èyí tí a ń ká bí agbòòrùn, ọmọ tí ó ti lè jókòó ni ó wà fún. Àlòkù kò burú, ó sì dín owó kù, bí bíréèkì rẹ̀ bá ń mú, tí ìdè rẹ̀ kò já, tí ibi tí ó ti ń ká kò sì yẹ̀. Kí ẹni tí ó ń pọ̀n náà má ṣe gbàgbé pé ọrùn ọmọ gbọ́dọ̀ ti le, kí imú rẹ̀ má sì bò mọ́ inú aṣọ.

Ìtàn kẹ̀kẹ́ ọmọ àti ìtàn ọ̀já, ìtàn kan náà ni wọ́n. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san owó fún ọmọ-ọ̀dọ̀, a sì rí owó náà nínú ìwé ìṣirò wọn. Àwa lo ẹ̀yìn ìyá, ẹ̀yìn ìyá àgbà àti ẹ̀yìn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, a kò sì kọ ọ́ sí ibì kankan, a wá rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ rí. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ó bá kan ilé tiwa, kí a tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ lọ́jà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò máa tì í; bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀já ni a yàn, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ẹ̀yìn ta ni, àti ohun tí ẹni náà ì bá fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe.